Ta Ló Ń San Owó Alárinà Ẹ̀yáwó Ilé?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, àwọn kan ń wá sí ìsọ̀ wa pé àwọn á bá wa gba owó ilé ní báńkì. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ bi wọ́n pé: "Ta ló ń san owó iṣẹ́ yín?"

Ẹlòmíràn ń gbà á lọ́wọ́ ayáwó: náírà 5 lórí 100, lórí mílíọ̀nù 4, ó di 200,000. Ẹlòmíràn á ní ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ilé ló ń fún un ní kọmíṣàn. Níbi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ. Ilé ọ̀gá rẹ̀ ni yóò máa yìn fún yín.

Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ wà o. Òfin 1992 dá Àpò Owó Ilé ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀. Oníṣòwò náà lè máa dá ìdá 2.5 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lóṣù sí i. Federal Mortgage Bank of Nigeria ló ń bójú tó o. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ fúnra yín. Ẹ rántí pé rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó fi yáwó ilé.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́, ká jọ kà á.