Bí Tíṣà Àwòrán Ṣe Ń Bá Másùnmáwo Jà Lókè Òkun

Tí wọ́n bá ní ẹnì kan ń ṣe tíṣà ní London, owó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Àbúrò màmá mi ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀ láti fi àwòrán àti fọ́tò sọ ìtàn, bí ìwé Atọ́ka ṣe máa ń ṣe fún àwọn ìyá wa ní àwọn ọdún 1970: fọ́tò àwọn òṣèré, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tí Àǹtí kọ́kọ́ débẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kó ẹrù wọn padà sílé. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ lórí fóònù, torí iṣẹ́ yẹn lèmi náà fẹ́ ṣe.

Ẹ wò ó, àwòrán kì í sọ èdè kan náà níbi gbogbo. Àǹtí ya ọkùnrin kan tó káwọ́ lérí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ kan ní kíláàsì ní ó gbá bọ́ọ̀lù, kò wọlé ni! Òmíràn to àwòrán tirẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka manga, ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Japan. Ọmọ tó ń wo àgbà lójú kòrókòró, àfojúdi ni lójú tiwa. Níbẹ̀, èyí tí kò wojú gan-an ni wọ́n ń fura sí. Kí èèyàn máa túmọ̀ gbogbo ìyẹn lórí ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé eré ni?

Òkùnkùn náà tún wà ńbẹ̀. Lóṣù Kejìlá, oòrùn London ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí kò bá tó, oorun á dàrú.

Kí ni másùnmáwo ń ṣe nínú ara gan-an? Tí ẹ̀rù bá bà wá, ara á tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, iṣan á le, oúnjẹ ò ní tètè dà. Ó dáa nígbà tí ajá bá ń lé wa. Àmọ́ tí ajá ọ̀hún ò bá lọ fún oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ibẹ̀ ni orí fífọ́ àti àìróorunsùn ti ń wọlé. Ẹ̀yin ará SS3 tí ẹ ń múra WAEC, ẹ ṣáà mọ ohun tí mò ń wí.

Àǹtí wá sọ ọkùnrin tó káwọ́ lérí yẹn di iṣẹ́ kíláàsì: kí kálukú ya bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nílé tirẹ̀. Ọmọ Somalia ya tirẹ̀, ọmọ Poland ya tirẹ̀, ni tíṣà bá di ẹni tí wọ́n ń kọ́. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni èjìká àwọn kọ́kọ́ rọ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń jáde rìn nígbà tí oòrùn ṣì wà. Tí àyà wọn bá ń já, wọ́n á fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá mí i síta pẹ́ ju bí wọ́n ṣe fà á lọ, kí ọkàn lè rọra máa lù. Ìwé tí wọ́n fẹ́ máàkì kì í dé orí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Nígbà tí oorun ṣì kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n lọ rí dókítà.

Ibì kan wà tí èmi àti Àǹtí ò ti fẹnu kò. Wọ́n ní kò yẹ kéèyàn máa ro wàhálà òkè òkun fáwọn ará ilé. Èmi ò gbà. Fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa nígbà yẹn, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀, àwa náà sì ń bèèrè owó lé owó. Màmá àgbà ni wọ́n já a. Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n ní kí Àǹtí tan fídíò, wọ́n wojú wọn títí, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ẹkún ni Àǹtí fi dá wọn lóhùn. Látìgbà náà, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sunday, owó kọ́ ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀.