Orin Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Ampilifáyà Ayé Ọjọ́sí

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ló ṣì wà tí ampilifáyà Sansui, Pioneer tàbí Technics ayé ọjọ́sí ń bẹ, tí súpíkà onígi méjì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì, tí nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Orin ló kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì ti já, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo ti wọ́n, CD tuntun kò sì wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni olórin ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí báyìí, fóònù la sì fi ń gbọ́ ọ, tàbí súpíkà kékeré oníbátìrì tí báàsì rẹ̀ kò kún etí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé ẹ̀rọ tó lè mú kí ìyá ìlù dún bí ẹni pé onílù wà nínú ilé ń gba eruku nílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń mú orin padà wá bá a ni wọ́n ń pè ní sítírímà. Kì í tóbi. WiiM Mini wà tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà, Bluesound Node wà tó tóbi jù ú lọ, àwọn mìíràn sì ń fi kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi kọ́ tiwọn, wọ́n á gbé ètò ọ̀fẹ́ bíi Volumio tàbí moOde sínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á ló ń lò ó bí ẹni ń lo Bluetooth, nítorí wọ́n rò pé fóònù ọwọ́ wọn ló ń gbé orin jáde. Inú èrò yẹn ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá lo Bluetooth, òótọ́ ni pé fóònù ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó gba orin wọlé, ó tú u, ó tún un dì ní ọ̀nà tí Bluetooth gbà, ó wá tì í jáde. Ìdì tí gbogbo ẹ̀rọ olórin oní-Bluetooth gbọ́dọ̀ mọ̀, èyí tó ń jẹ́ SBC, kì í sábà kọjá kilobit 328 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orin tí wọ́n sì ti fún lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dé orí fóònù ni wọ́n tún ń fún lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹnìkan bá pè yín, orin dákẹ́. Bí ẹ bá gbé fóònù lọ sí ilé ìdáná, ó ń já.

Ọ̀nà ti sítírímà yàtọ̀ pátápátá. Tí ẹ bá ṣí Spotify lórí fóònù, tí ẹ yan orúkọ sítírímà nínú àwọn ẹ̀rọ tó yọ síbẹ̀, kò sí orin kankan tó ń ti inú fóònù kọjá mọ́. Àṣẹ ni fóònù fi ránṣẹ́: orin báyìí ni kí o lọ mú, ibi báyìí ló wà. Sítírímà fúnra rẹ̀ ló máa gba orí Wi-Fi lọ sí ilé iṣẹ́ tó ní orin náà, tí yóò fà á wá sílé. Ẹ lè gba ìpè, ẹ lè gbé fóònù jáde, ẹ tilẹ̀ lè pa á, orin á máa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tidal Connect àti Google Cast ṣe rí. AirPlay ti Apple nìkan ló yà díẹ̀: inú iPhone ni orin sábà máa ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n orí Wi-Fi ló gbà, kì í ṣe Bluetooth, nítorí náà wọn kì í fún un pa bẹ́ẹ̀.

Kí ni sítírímà wá ń fà wọlé gan-an? Nọ́ńbà ni. Láti ìgbà tí CD ti dé ní 1982 ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ tí a ṣì ń lò dòní: kí wọ́n wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní bit 16, fún apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ kilobit 1,411 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdì tó ń jẹ́ FLAC máa ń dì í kéré láìyọ nǹkan kan kúrò, ó sì lè dín in kù tó ìdajì. MP3 àti ìdì tí Spotify ti ń lò tipẹ́ ní tiwọn ń yọ ohun tí wọ́n rò pé etí kò ní fura sí kúrò, títí yóò fi kù ní kilobit 320 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Tidal, Qobuz àti Apple Music, èyí tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2021, ń fúnni ní orin tí wọn kò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá etí òun lè mọ ìyàtọ̀, kí ó má fi báàsì dán an wò. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ó fetí sí. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ń gbá ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn lọ sókè, ó sì kúrú, irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá fún orin jù. Ẹ ṣí àpàlà Haruna Iṣọla, kí ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń lọ lábẹ́ ohùn rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fún orin náà pa, á dún bí omi tó ń tú jáde nínú páìpù, ẹ kò ní mọ ìgbà tí ọwọ́ alùṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ àti ìgbà tó bọ̀. Níbi tó bá ti pé, ẹ ó máa gbọ́ ìgbésẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní kilobit 320, kí n má parọ́, etí mi kì í sábà mọ ìyàtọ̀. Ní 128 tàbí lórí Bluetooth, ó hàn.

Nígbà tí àwọn nọ́ńbà yìí bá dé, sítírímà kì í lù wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó wọn jọ sínú mẹ́mọ́rì rẹ̀ ná, bí ẹni tó pọn omi kún àmù kí omi ẹ̀rọ tó lọ. Ìdí nìyẹn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi lè lọ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ má mọ̀. Láti inú mẹ́mọ́rì yẹn ni apá kan tó ń jẹ́ DAC ti ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n aago ti ara rẹ̀, tó sì ń sọ wọ́n di iná mànàmáná tó ń lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ohùn ṣe rí. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà bá ti pé nínú mẹ́mọ́rì, bí wọ́n ṣe rìn débẹ̀ kò yí ohùn padà. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń ta wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì olówó gọbọi fún àwọn olùfẹ́ orin. Wáyà lásán tó so ráútà mọ́ kọ̀ǹpútà yín tó fún un.

Ó wá kan ẹ̀yìn ampilifáyà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti ní sùúrù jù. Ẹ kọ́kọ́ pa ampilifáyà. Ẹ ó rí ihò méjìméjì, pupa fún ọ̀tún, funfun fún òsì, tí wọ́n kọ AUX, CD, TUNER, TAPE àti PHONO sí lára. AUX, CD, TUNER àti ihò tí TAPE fi ń gba orin wọlé kò yàtọ̀ síra lábẹ́nú, èyí tó bá ṣófo nínú wọn ni kí ẹ lò. TAPE tún ní ihò kejì tí wọ́n kọ REC tàbí OUT sí: ibi tí orin ń gbà jáde nìyẹn, bí ẹ bá fi sítírímà síbẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. PHONO ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo ni wọ́n ṣe é fún, iná abẹ́rẹ́ kò sì ju ìdá díẹ̀ nínú ìdá 1,000 fóltì (volt) kan lọ. Nítorí náà ni PHONO fi ń sọ ohun tó bá wọlé di nǹkan bí ìlọ́po 100, tó ń gbé báàsì sókè, tó sì ń tẹ ohùn òkè mọ́lẹ̀. Sítírímà ń tú nǹkan bíi fóltì 2 jáde. Bí ìyẹn bá gba PHONO wọlé, ariwo tó ya ni yóò jáde, ó sì lè ba súpíkà jẹ́. Àwọn ampilifáyà Jámánì àtijọ́ kan ní ihò roboto oníhò márùn-ún ní tiwọn. Wáyà tó ń so ó pọ̀ mọ́ pupa àti funfun wà lọ́jà.

Bí ampilifáyà bá jẹ́ tuntun tó ní ihò tí iná pupa ń tàn nínú wáyà rẹ̀, ẹ lè gba ibẹ̀. Toshiba ló gbé irú wáyà yìí jáde ní 1983. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé nọ́ńbà kọjá nínú rẹ̀, kò sí iná mànàmáná tó ń gbabẹ̀, nítorí náà kì í gbé ìkùn iná láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ní ọ̀nà yẹn, DAC inú ampilifáyà ló ń ṣiṣẹ́, ti inú sítírímà sì sinmi.

Kí ẹ tó tan nǹkan, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ fóló (volume). Ibi mẹ́ta ló ti wà báyìí: orí fóònù, inú sítírímà àti ara ampilifáyà. Bí ẹ bá jẹ́ kí sítírímà wà nílẹ̀, kí ẹ wá yí ti ampilifáyà sókè láti fi gbà á, ẹ ń gbé ariwo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sókè pẹ̀lú orin. Ohun tó dára ni kí ẹ wọ inú ètò sítírímà lórí fóònù, kí ẹ fi fóló rẹ̀ sójú kan, ìyẹn fixed, kí ó jẹ́ pé ìdè (knob) ara ampilifáyà nìkan ni ẹ ó máa yí. Ṣùgbọ́n bí súpíkà yín bá jẹ́ èyí tó ní ampilifáyà nínú tí kò ní ìdè, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo agbára ni orin máa fi jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tan sítírímà ṣíwájú, ẹ yí ìdè ampilifáyà wá sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó tan òun náà gbẹ̀yìn.

Wi-Fi kò ní wàhálà púpọ̀. Orin tó pé bíi ti CD kò tó megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí ògiri bá pọ̀ láàárín ráútà àti pálọ̀, ìgbì 2.4 GHz tó ń la ògiri kọjá sàn ju 5 GHz lọ. Fóònù àti sítírímà gbọ́dọ̀ wà lórí Wi-Fi kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù lè má rí i. Ráútà tàbí MiFi tó ń jókòó sílé dára ju hotspot orí fóònù lọ, torí bí ẹni tó ni fóònù bá jáde, ó gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Dátà ni kí ẹ ṣírò. Ní kilobit 320, wákàtí kan ń jẹ MB 144. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin fún wákàtí 2 lójúmọ́ máa jẹ nǹkan bíi GB 9 láàárín oṣù. FLAC bíi ti CD lè jẹ tó MB 400 ní wákàtí kan, ìyẹn GB 24 lóṣù fún ẹni kan náà. Lójú tèmi, 320 tó fún orin tí a kàn ń gbọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ilé. Orin tí ẹ fẹ́ràn ní tòótọ́, ẹ máa gbé e sílé. Bí ẹ bá ní CD rẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ Exact Audio Copy á kó o sórí kọ̀ǹpútà ní FLAC. Háàdì dísìkì TB 1 á gba irú CD bẹ́ẹ̀ tó ju 2,000 lọ. Ẹ fi dísìkì náà sára sítírímà tó bá ní ihò USB, tàbí sára ráútà tó lè pín in fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé ní ọ̀nà tó ń jẹ́ DLNA, sítírímà á máa kà á láìná kọ́bọ̀ dátà.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ jùjú, ẹ wo ohun kan sí i kí ẹ tó sanwó. Nínú àwo King Sunny Adé àti ti Ebenezer Obey, ojú àwo kan lè lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, orin kan ń wọ inú èkejì, ìlù kì í já. Níbi tí wọ́n bá ti gé e sí wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí CD, ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ díẹ̀ láàárín orin méjì á já ìlù náà lójú ọ̀nà. Gapless ni wọ́n ń pe èyí tí kì í dákẹ́. Kì í ṣe gbogbo sítírímà ló ní in, èyí tó ní in pàápàá lè má ṣe é lórí gbogbo ọ̀nà tó fi ń gba orin. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á lu irú àwo bẹ́ẹ̀ fún yín, kí ẹ gbọ́ oríkèé orin méjì.

Bí ampilifáyà bá ń kùn lẹ́yìn tí ẹ ti tò ó tán, ẹ yọ wáyà dẹkódà tàbí ti tẹlifíṣọ̀n kúrò lára rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ìkùn náà sábà ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iná ínfátà wà nìkan ló ń kùn, tíráńsífọ́mà inú ampilifáyà ló ń bá iná tí kì í ṣe pure sine wave jà, sítírímà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bí owó bá ṣẹ́kù, wọn á ní kí ẹ fi ra DAC ńlá. Ẹ kọ́kọ́ ṣí aṣọ ojú súpíkà, kí ẹ rọra fi ìka tẹ fóòmù tó yí wúfà ká. Fóòmù súpíkà àtijọ́ máa ń gbó títí á fi rún bí eérú, báàsì sì máa ń ya kó tó já. Bí tiyín bá ń rún, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tún súpíkà ṣe pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú. DAC kan kò sí tó lè tún ìyẹn ṣe.