Lẹ́yìn gíláàsì làwọn Ṣáínà ti ń ta ráìsì ní Philadelphia: Ohun tójú àwọn oníbàárà ń rí níbẹ̀

Ọdún 2016 ni mo kọ́kọ́ dé Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ni mo dé sí, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Southwest. Ẹni tí kò bá dé àdúgbò yẹn rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Títì gbọọrọ kan tó ń jẹ́ Woodland Avenue ló la àárín ẹ̀ kọjá, èèyàn dúdú lẹ ó sì máa rí lọ rẹrẹẹrẹ níbẹ̀. Àwọn ará Làìbéríà ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ti Áfíríkà wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá náà wà ńbẹ̀ dáadáa. Béèyàn bá ń lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀, á kàn ṣàdédé gbọ́ tẹ́nì kan ń fi èdè Ìjẹ̀bú bú ọmọ ẹ̀ lórí fóònù ni.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ibi yòówù téèyàn bá yà sí, kò ní pẹ́ tó fi máa kan ṣọ́ọ̀bù Ṣáínà tó ń ta oúnjẹ. "Chinese store" làwọn ará àdúgbò ń pè é. Ẹ má rò ó pé irú ilé oúnjẹ Ṣáínà tó wà ní Victoria Island l'Ékòó là ń sọ o, níbi tí wọ́n á ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, tí àwọn tó ń gbéjẹ á máa tẹrí ba fún yín. Rárá o. Yàrá kótópó kan ni. Wọ́n á to àwòrán ráìsì, apá adìẹ díndín àti núdùùsì sókè ògiri, iná á wà lẹ́yìn àwòrán náà, nọ́ńbà á sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa pè, ẹ ò ní wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ̀ ń pe orúkọ oúnjẹ.

Àmọ́ ohun tó wà láàárín oníbàárà àti ẹni tó ń tajà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Gíláàsì ni. Ó nípọn, irú èyí tí wọ́n ní ọta ìbọn ò lè wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí káńtà débi òrùlé. Ihò kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ téèyàn máa ti owó gbà, tí wọ́n á sì ti oúnjẹ àti ṣéńjì gbà padà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, arúgbó ló ń tọ́jú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n bá òun ra ráìsì wá. Mo débẹ̀, èèyàn bíi mẹ́rin ló wà níwájú mi. Nígbà tó kàn mí, mo bẹ̀rẹ̀ síhò yẹn, mo ní mo fẹ́ "fúráìdì ráìsì". Obìnrin tó wà nínú lọ́hùn-ún pariwo mọ́ mi, ó ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ. Ó tún pariwo. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá mi pe nọ́ńbà ẹ̀. Obìnrin náà nawọ́ síta pé kí n kọ́kọ́ mú owó wá, kò tíì dáná o! Owó mi wọlé, mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, báàgì kan sì tihò jáde. Kò sí ẹ ṣé, kò sí ẹ kú ìnáwó.

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Bíi ẹni tó lọ kí ẹlẹ́wọ̀n ló ṣe mí, mi ò kàn mọ ẹni tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nínú àwa méjèèjì ni. Nígbà tí mo délé tí mo ń jà, ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n mi ń rín. Ó ní, "Àbúrò, jẹun jàre. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún èmi náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè nìyẹn, nítorí iṣẹ́ akọ̀ròyìn ò ní jẹ́ kéèyàn gbẹ́nu dákẹ́. Bàbá kan, ọmọ Ìbàdàn tó ń wa takisí, sọ fún mi pé ó ti pé ogún ọdún tóun ti ń ra apá adìẹ níbẹ̀. Kò sígbà tí inú kì í bí i. Tí sọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un bá ku ẹyọ kan, tó bá ní kí wọ́n fi kún un, owó ni wọ́n á bèèrè. Tó bá fún wọn ní ogún dọ́là, wọ́n á gbé e sókè síná, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ayédèrú ni. Mo ní kí ló dé tó tún ń lọ síbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. Ó ní, "Àago mẹ́wàá alẹ́, ta ló tún máa fún mi lóúnjẹ gbígbóná lówó tí ò tó dọ́là mẹ́wàá?"

Ti ìyá kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ló tún le jù. Ráìsì eléèdé ló ní kí wọ́n fún òun, ó sì sọ fún wọn pé òun kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ó délé, ó ṣí i, ó rí ẹran pupa wẹ́wẹ́ kan láàárín ráìsì. Háà! Ó gbé e padà, ariwo sì sọ. Òun ń fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo lóde, obìnrin Ṣáínà ń fi èdè ẹ̀ pariwo nínú, gíláàsì ò jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ẹnì kejì yékéyéké. Ẹni tó wá parí ìjà náà ni ọmọ obìnrin tó ń tajà, ọmọdébìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó máa ń jókòó sẹ́yìn káńtà ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó bi ìyá náà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì túmọ̀ ẹ̀ fún màmá ẹ̀. Ojú obìnrin náà yí padà. Ó wọnú ilé ìdáná, ó fọ ìkòkò mìíràn, ó dá oúnjẹ tuntun, ó sì dá owó padà lé e. Láti ọjọ́ yẹn, kó tó di pé Àlàájà wa yanu, obìnrin náà ti máa pariwo látinú gíláàsì pé, "No pork! No pork!" Àwọn tó wà lórí ìlà ò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ ò ní mọ ohun tó gbé àwọn èèyàn yẹn sínú gíláàsì téèyàn ò bá sọ ibi tí wọ́n ti wá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni irú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló wá láti Fujian, létí òkun ní Ṣáínà. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, gbèsè tó ju ẹ̀mí wọn lọ ni púpọ̀ nínú wọn jẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn lọ sílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin àgbà á rántí ọkọ̀ Golden Venture, tó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn létí New York ní June 6, 1993. Igba ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún (286) èèyàn ló wà nínú ẹ̀, mẹ́wàá sì kú nígbà tí wọ́n bẹ́ sómi. Àwọn kan nínú àwọn tó yè wà ní àtìmọ́lé ní York, ní Pennsylvania kan náà tí Philadelphia wà, títí di February 1997. Irú àwọn èèyàn báyìí, tí wọ́n bá wáá rí ṣọ́ọ̀bù ṣí, àdúgbò tí háyà ò ti wọ́n ni wọ́n ń lọ. Àdúgbò tí háyà ò ti wọ́n, ẹ mọ̀ pé àwọn olè náà máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n ti ja àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri fáwọn Ṣáínà lólè, wọ́n sì ti pa nínú wọn, kì í ṣe ní ìlú kan ṣoṣo l'Amẹ́ríkà.

Ohun tí wọ́n ń fi tu oníbàárà lójú ni bisikíìtì kékeré kan tí wọ́n máa ń sọ sínú báàgì. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, ẹ máa bá ìwé pélébé nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ oríire á wà lójú kan, nọ́ńbà á wà níbòmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ fetí sílẹ̀ o. Ní March 30, 2005, àádọ́fà (110) èèyàn ló jẹ ẹ̀bùn kejì nínú tẹ́tẹ́ Powerball lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọba rò pé èrú ni, àṣé inú bisikíìtì yìí ni wọ́n ti rí nọ́ńbà náà, iléeṣẹ́ kan ní New York ló ń ṣe é. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là lẹni tó kéré jù nínú wọn gbà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn, mi ò jẹ bisikíìtì wọn láìwo ìwé ẹ̀ mọ́, àmọ́ ire kankan ò tíì jáde.

Mo ti padà sílé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní ìparí ọdún 2017, tó ní wọ́n ti fẹ́ já gíláàsì náà o. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú, Cindy Bass, tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ló gbé àbá òfin dìde. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó gba ìwé àṣẹ ilé oúnjẹ, àmọ́ tó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n ń tà ju oúnjẹ lọ, lọ̀rọ̀ náà dá lé jù. Obìnrin náà ní ìwọ̀sí ni kí wọ́n máa tinú gíláàsì gbé oúnjẹ fún èèyàn, àti pé àwọn àdúgbò kan nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bínú sí látọdún 2016 lẹ́nì kan wáá gbé délé aṣòfin yẹn! Àmọ́ àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará Ṣáínà àtàwọn ará Kòríà, fárí gá. Wọ́n ní tí wọ́n bá já gíláàsì, àwọn ni wọ́n máa sin. Ní December 14, 2017, aṣòfin mẹ́rìnlá fọwọ́ sí i, mẹ́ta ní rárá. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, wọ́n ti tẹ òfin náà rọ̀. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni já gíláàsì lójú ẹsẹ̀ mọ́, wọ́n kàn ní kí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwé àṣẹ gbé ìlànà jáde nípa ẹ̀ kó tó di January 1, 2021.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ̀yìn ta ló wà. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun kórìíra gíláàsì náà, àmọ́ tí wọ́n bá yìnbọn pa obìnrin yẹn lójú ọmọ ẹ̀, òun ò ní lè jẹ ráìsì níbẹ̀ mọ́.

Kò tíì tó àkókò tí ìjọba dá nígbà tí Kòrónà dé ní 2020. Ààrẹ ìgbà náà, Donald Trump, ń pè é ní kòkòrò Ṣáínà, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oúnjẹ wọn. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní òkùnkùn tó wà ní ìkóríta yẹn lálẹ́, ẹ̀rù ló ń ba òun láti kọjá. Ìgbà tí ìlú wáá ṣí padà, kẹ́ ẹ wáá wo nǹkan! Báǹkì ti gbé gíláàsì síwájú, ilé egbòogi gbé e, ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó olówó tí kò ní in rí gbé e. Obìnrin ọmọ Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ra ẹ̀lúbọ́ pàápàá so ike tó mọ́ gaara síwájú káńtà ẹ̀, ihò kékeré ló dá sí i nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun bẹ̀rẹ̀ síhò ẹ̀lúbọ́, òun sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo padà lọ ní 2023. Àwọn mìíràn ti tú tiwọn, àwọn Ṣáínà yẹn ò tú tiwọn. Ọmọdébìnrin ìjọ́sí ti dàgbà, òun ló ń gba owó lálẹ́ ọjọ́ tí mo débẹ̀, màmá ẹ̀ wà nídìí iná. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ tí mo pe nọ́ńbà mi, tí mo ní kí wọ́n bá mi fi ata sí i dáadáa, ó wò mí, ó ní ṣé àbúrò ìyá tó ń tọ́jú arúgbó ni mí, ohùn wa jọra. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi èdè wọn sọ ọ́ fún màmá ẹ̀. Màmá yọjú, ó juwọ́ sí mi látinú gíláàsì lọ́hùn-ún, ó sì na ìka ẹ̀ sí ihò. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú owó wá.