Ìtumọ̀ Àwọn Ohun-Àmì Nínú Ìsìn Òkú Ìjọ Kátólíkì

Nígbà tí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìsìnkú ìbílẹ̀ wé ti ìjọ Àgùdà, àkójọ lásán ni a sábà ń rí gbà: fádà wọ́n omi, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n fín tùràrí. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi kún un pé ńṣe ni a fi omi náà lé ẹ̀mí òkú sẹ́yìn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé a kò lè túmọ̀ àwọn ohun wọ̀nyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Inú ìrìbọmi ni ìtumọ̀ gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá.

Àrokò lè là wá lọ́yẹ̀. Bí a bá dojú owó ẹyọ méjì kọra, tí a sì so wọ́n pọ̀, ìrẹ́pọ̀ ni ó ń sọ. Bí a bá kẹ̀yìn wọn síra, ìtumọ̀ yí padà. Owó ẹyọ náà kò yí padà. Bí a ṣe tò wọ́n ni ó ń fọhùn. Bákan náà ni ó rí nínú ìsìn òkú yìí.

Omi mímọ́ tí fádà ń wọ́n sí pósí ń rán ìjọ létí omi tí a fi rì olóògbé bọmi. Aṣọ funfun tí a ń tẹ́ bo pósí dúró fún aṣọ funfun ọjọ́ náà. Àbẹ́là ńlá tí ó ń jó lẹ́bàá pósí ni àbẹ́là Àjíǹde. Ara rẹ̀ ni a ti ń tan àbẹ́là ẹni tí a bá rì bọmi. Ní ti tùràrí, ó ń bọlá fún ara tí ìrìbọmi ti sọ di tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́. Èéfín rẹ̀ sì dúró fún àdúrà tí ń gòkè lọ.

Aṣọ náà tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní àwùjọ wa, tí àwọn ọmọ ń jẹ gbèsè nítorí pósí olówó gọbọi, ọ̀kan náà ni pósí pákó lásán àti pósí ọlọ́lá lábẹ́ aṣọ yìí. Kò sí olówó, kò sí tálákà níwájú Ọlọ́run.

Ó yẹ kí àwa olùyẹ̀wò ṣọ́ra nípa àwọ̀ ẹ̀wù fádà. Dúdú ni ó wọ́pọ̀ láyé àtijọ́. Ìwé òfin lórí ìsìn tí Àpérò Vatican Kejì gbé jáde ní 1963 sọ, ní ìpín 81, pé kí ìsìn òkú fi ìrètí Àjíǹde hàn kedere sí i, kí ó sì bá àṣà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu, títí kan àwọ̀ ẹ̀wù. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ dúdú, elésè àlùkò tàbí funfun kò ṣì í.

Ní ìparí, kí a má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn ka nǹkan sílẹ̀ ní máàkì kíkún. Ẹni tí ó bá lè sọ ibi tí olóògbé ti kọ́kọ́ pàdé omi, aṣọ àti iná wọ̀nyí nígbà ayé rẹ̀ ni ó mọ ìtumọ̀ wọn.