Ọdún 1892: Bí Ọ̀nà Ìjẹ̀bú Ṣe Ṣí

Àwa ọmọ Ayépé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí a ń wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ ká mọ̀ pé ọ̀nà yìí kò fìgbà gbogbo ṣí bẹ́ẹ̀.

Kí ọdún 1892 tó dé, àlejò kì í la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá bó ṣe wù ú. Ọjà òyìnbó á gba ojú ọ̀sà dé Èjìnrìn tàbí Ẹ̀pẹ́, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú á rà á, wọ́n á gbé e lọ sí ọjà bí Òrù, níbi tí àwọn ará òkè ti ń kó epo àti èkùrọ́ wá pàdé wọn. Èrè wà nínú rírà, ó wà nínú títà, oníbodè sì tún ń gba tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Agbára ogun náà wà níbẹ̀: lásìkò ogun Kírìjì, Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìjọba òyìnbó l'Ékòó fẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí. Ní 1891, Denton tó ń delé fún gómìnà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1892, ikọ̀ Ìjẹ̀bú gbà l'Ékòó pé ọ̀nà á ṣí, kí wọ́n máa gba £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Ṣùgbọ́n ọba Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, kì í dá pàṣẹ fún ìlú. Ìgbìmọ̀ Ìlámùrẹn wà, ti Òṣùgbó wà, Pàmpá tó ń sọ ti mẹ̀kúnnù náà wà. Ohun tí gbogbo wọn kò bá fọwọ́ sí, kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá òyìnbó oníwàásù kan padà lójú ọ̀nà.

Gómìnà Carter di èyí mú, ó sì rán ogun sí Ìjẹ̀bú. Ọmọ ogun Ọ̀gágun Scott gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, ìjà le lódò Yemọji, ní Ìmágbọ̀n. Àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú dúró gidi, àmọ́ ìbọn Maxim òyìnbó ń dún láìsinmi. Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Wọn kò yọ ọba. Túnwàṣe wà lórí ìtẹ́ títí di 1895. Ibodè ni wọ́n gbà, lójú tèmi, ìyẹn sì ju ogun náà lọ, torí ibẹ̀ ni ìlú ti ń jẹun. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú fúnra wọn wá gba ọ̀nà kan náà lọ tẹ̀dó sí Ìbàdàn àti òkè rẹ̀. Àwọn oníwàásù tí a ń lé padà tẹ́lẹ̀ ráyè wọlé, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú sì kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wọn. Ní 1913, Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ṣílẹ̀kùn.