Kànga Níwájú, Ṣaláńgá Lẹ́yìn: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Kọ́lé ní Mowe, Ibafo àti Ifọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti kan omi tí àwọn ọmọ wa ń mu, a kò lè fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ojú títì Èkó sí Ìbàdàn kọjá yóò rí bí ilé titun ti ń hù bí olú ní Ibafo àti Mowe. Òṣìṣẹ́ tí owó ilé Èkó lé jáde ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ wọn. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì sì ni agbára wọn ká. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò wọ̀nyí. Nítorí náà olúkúlùkù a gbẹ́ kànga síwájú ilé, a sì gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi okùn wọ̀n ọ́n. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera ń fún ni ni pé kí kòtò ìgbẹ́ jìnnà sí kànga tó mítà 30, èyí tí í ṣe nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, kí ìsàlẹ̀ kòtò náà sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 60 ní gígùn. Bí ẹ bá ta okùn láti igun kan dé igun kejì tí ó kọjú sí i, kò ní pé 85. A kò sì tí ì ka kòtò aládùúgbò tí ó wà lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí bíríkìlà ń gbẹ́ kòtò ilé àwa tìkára wa, kò tí ì gbẹ́ dé àyà tí omi fi yọ sí i. Ó ní kí a má fòyà, sìmẹ́ǹtì yóò dí i. Nígbà tí òjò oṣù keje dé, ẹ̀gbin ru padà sínú ilé. A pe ọkọ̀ tánkà wá fà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tún kún. Kì í ṣe ìgbẹ́ ará ilé ni ó kún un, omi ilẹ̀ ni. A ti sanwó kí tánkà lè bá wa fa àbàtà. Ní ọdún náà gan-an ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá ọmọ wa kékeré dùbúlẹ̀. A kò lè búra pé kànga wa ni ó fà á, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà a kò mu omi rẹ̀ láìsè. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà.

Lójú tiwa, ibi tí omi bá sún mọ́ òkè, kí a má gbẹ́lẹ̀ mọ́. Kí a kọ́ ọ sókè ni. Èyí kì í ṣe ohun titun. Àlùfáà kan ní Fordington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Moule, tí ó ti rí iṣẹ́ ibi onígbáméjì láàrin ìjọ rẹ̀, dí kòtò ìgbẹ́ ilé rẹ̀ pa, ó sì ní kí àwọn ará ilé máa lo péèlì. Ó rí i pé bí a bá fi erùpẹ̀ gbígbẹ bo ìgbẹ́, kì í rùn mọ́. Ní ọdún 1860 ó gba ìwé àṣẹ lórí ìjókòó rẹ̀ tí ń fi erùpẹ̀ bò ó.

Báyìí ni a ṣe ń kọ́ ọ lónìí. A ó fi búlọ́ọ̀kù mọ yàrá kékeré méjì tí ó fara kọ́ra sórí ilẹ̀, a ó da kankéré sí ìsàlẹ̀ wọn, a ó sì ṣe àtẹ̀gùn gun ìjókòó. Ojú méjì ni ìjókòó náà ní: ìtọ̀ a gba iwájú lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, ìgbẹ́ a bọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá lò ó tán yóò bu eérú tàbí ìyẹ̀ pákó dà lé e, kò ní da omi sí i. Ẹni tí ń fi omi ṣan ara rẹ̀ ní láti sún sí ojú ihò mìíràn tí a ṣe fún un. Bí yàrá kan bá kún, a ó dí i, a ó sì lo èkejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi í sílẹ̀ ju ọdún kan lọ ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, nítorí ẹyin aràn kì í tètè kú. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ wá rì í sí, kì í ṣe ebè ẹ̀fọ́. Bí ó bá ń rùn, omi ti wọ̀ ọ́, tàbí eérú kò tó.

Ta ni yóò kó o? Ìbéèrè tí àwọn ìyá ilé kọ́kọ́ ń bi wá nìyí. Àwọn àgbà tí ó sì rántí agbépóò Èkó a máa rẹ́rìn-ín. Wọn kò jẹ̀bi. Ní Durban ní Gúúsù Áfríkà, lẹ́yìn onígbáméjì ọdún 2000, ìjọba ìlú kọ́ irú rẹ̀ tí ó lé ní 70,000 fún àwọn ará ìgbèríko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé kórìíra kíkó o. Onílé tí ó ní ayálégbé mẹ́fà, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ eérú, kí ó má ṣe dáwọ́ lé e.

Àwọn kan ń ta àgbá kékeré tí kòkòrò inú rẹ̀ ń jẹ ẹ̀gbin, wọ́n ní kì í kún láéláé. Ó lè má kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí ń jáde nínú rẹ̀ ṣì ń wọ ilẹ̀ lọ, kò sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè ibi tí omi náà ń lọ.

Ní Ifọ, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, tí omi kànga rẹ̀ jìn, tí ó sì ní odindi pulọ́ọ̀tì, kò nílò gbogbo èyí. Ṣaláńgá tí ó ní páìpù gígùn, tí a fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ lókè, tó fún un: bí inú ilé náà bá ṣókùnkùn, eṣinṣin a máa tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ gòkè, nẹ́ẹ̀tì a sì dá a dúró.

Àwa ti mọ yàrá kìíní dé òrùlé. Èkejì ni ó kù, ìyá ilé wa sì ti bẹ ìyá tí ń yan gàrí ní òpópónà wa kí ó má ṣe da eérú rẹ̀ nù mọ́.