Ṣé O Mọ̀? Kàlẹ́ńdà Ló Ń Tú Àṣírí Àìsàn Yìí

Ṣé o mọ̀ pé àìsàn kan wà tó máa ń dé lóṣooṣù bí alájọ tó wá gbowó, tó sì máa ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e? Obìnrin ló ń mú, ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ìbínú, ẹkún, àyà jíjá, ọkàn tó wúwo bí ọlọ. Tí nǹkan oṣù bá ti dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara á padà sípò. PMDD ni àwọn dókítà ń pè é; àwa tí à ń sọ Faransé ní Benin, TDPM là ń gbọ́. Kì í ṣe inú rírun o. Inú rírun lọ́tọ̀, èyí lọ́tọ̀.

Wo Savalou, níbi tí gàrí sohui ti lórúkọ. Obìnrin kan jókòó ti àgbada, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ń fi àwẹ́ igbá ro gàrí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibí yìí kan náà ló ti ń pa àwàdà fún àwọn aládùúgbò. Lónìí, ọmọ rẹ̀ ní kó fún òun lówó búrẹ́dì, ó ju igbá mọ́ ọn. Ọmọ sá. Ìyá bú sẹ́kún, gàrí ń jó nísàlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Ìyàwó, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?” Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá, èmi alára ò mọ̀.” Ọjọ́ kẹta, nǹkan oṣù dé. Ọjọ́ karùn-ún, àwàdà ti bẹ̀rẹ̀ padà. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, àmọ́ bóyá ìwọ náà mọ irú rẹ̀ kan.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe pé họ́mọ̀nù obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù tàbí pé ó kéré jù? Ní 1998, olùwádìí Peter Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi oògùn dá iṣẹ́ ilé ẹyin àwọn obìnrin kan dúró fún ìgbà díẹ̀. Ara tu ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìṣòro náà. Nígbà tí wọ́n dá họ́mọ̀nù padà fún wọn, ìbànújẹ́ padà dé. Wọ́n fún àwọn obìnrin tí kò ní ìṣòro ní họ́mọ̀nù kan náà, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọpọlọ tó ń gba họ́mọ̀nù náà ló yàtọ̀. Ní 2017, àwọn olùwádìí tún rí i nínú sẹ́ẹ̀lì ara àwọn obìnrin wọ̀nyí pé àwọn jíìnì kan ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìwà burúkú ni, kò mọ ohun tó ń sọ.

Ṣé o mọ ojúbọ Dankoli? Ta ni kò mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà tó gba Savalou lọ sí Bantè! Ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn á kan èèkàn igi mọ́ ọn, á da epo pupa sí i, á bu ọtí sẹ́nu, á fẹ́ ẹ sí i, á sì sọ ohun tó ń fẹ́. Tó bá rí i gbà, á padà wá san ẹ̀jẹ́. Mi ò wá bu ẹnu àtẹ́ lu ojúbọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ṣírò rẹ̀ wò: obìnrin tó ní PMDD kì í wá ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá, ọjọ́ tó le jù ló ń jáde. Bó kan èèkàn lọ́jọ́ Ajé, nǹkan oṣù lè dé lọ́jọ́rú, ọkàn á sì fúyẹ́. Ta ló wò ó sàn? Bó jẹ́ wòlíì ló lọ bá, wòlíì ló ni ògo. Bó jẹ́ àgbo ló mu, alágbo ló ni ín. Bó jẹ́ dókítà ló fún un ní fítámì, dókítà náà á gba tirẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀, àìsàn á tún kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní ó ṣẹ òfin, tàbí kò lo oògùn pé. Àìsàn tó ń lọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ gbogbo èèyàn di oníṣègùn.

Ìdí nìyí tí kàlẹ́ńdà fi ju àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ níbí. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń fi PMDD hàn. Ohun tí dókítà fẹ́ ni àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ fún oṣù méjì ó kéré tán. Àmì mọ́kànlá ni wọ́n kọ sílẹ̀. Márùn-ún gbọ́dọ̀ pé, ọ̀kan ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọkàn. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ ńkọ́? Èédú àti ògiri ilé ìdáná tó: ilà kúkúrú fún ọjọ́ tó dára, ilà gígùn fún ọjọ́ tó le, òdo fún ọjọ́ nǹkan oṣù. Bí ilà gígùn bá ń tò ṣáájú òdo lóṣù méjèèjì, tí wọn ò sì sí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń yé ni. Bí ilà gígùn bá kún gbogbo oṣù, nǹkan mìíràn ni, ó sì yẹ kí dókítà wò ó.

Ṣé o mọ bí iye àwọn tó ní PMDD ṣe ń yàtọ̀ láti ìwádìí kan sí òmíràn? Ìwádìí Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin 410 ní yunifásítì ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2008, rí PMDD lára ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Òmíràn tó jáde ní 2010, láàárín akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà kan náà, rí ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ! Nígbà tí àwọn olùwádìí ní yunifásítì Oxford kó ìwádìí káàkiri ayé jọ ní 2024, láàárín àwọn ará ìlú lásán, àwọn tí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ fi hàn pé wọ́n ní in jẹ́ ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kéré ni mo gbà gbọ́. Kò sì kéré: bí 500 obìnrin bá ná ọjà Bantè, mẹ́jọ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1931 ni dókítà Robert Frank ní New York ti kọ̀wé nípa ìdààmú tó ń ṣáájú nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n ó di 2013 kí ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó ka PMDD sí àìsàn gidi? Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi í sínú àkójọ àìsàn tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022.

Ṣé o mọ̀ pé àìsàn náà kì í dé nígbà oyún, kì í sì í dé mọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá pátápátá? Olùwádìí Beverly Strassmann rí i láàárín àwọn Dogon ní Mali pé nǹkan bí ìgbà 100 péré ni obìnrin ń rí nǹkan oṣù láyé rẹ̀, nítorí oyún àti ọmú. Obìnrin Amẹ́ríkà lè rí i tó ìgbà 400. Kò yà mí lẹ́nu tí àwọn ìyá àgbà bá ní àwọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oògùn wà. Fluoxetine, tí wọ́n ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn, gba àṣẹ fún PMDD ní Amẹ́ríkà ní 2000. Fún ìbànújẹ́ ọkàn, ó ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Fún èyí, ọjọ́ díẹ̀ ló ń gbà, àwọn kan sì ń lò ó ní ìdajì oṣù péré. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan tó ní drospirenone gba tirẹ̀ ní 2006. Yíyọ ilé ẹyin kúrò ni ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Àmọ́ má ra fluoxetine lọ́wọ́ ẹni tó gbé oògùn káàkiri ojú títì. Ayédèrú oògùn tí ìjọba tìtorí rẹ̀ ya wọ Adjégounlè ní ọjà Dantokpa ní 2017 kò tíì tán nílẹ̀. Oògùn yìí kò sì bá gbogbo ara mu. Dókítà ló ń yàn án.

Savalou àti Bantè jọ wà ní agbègbè ìlera kan ṣoṣo. Agbẹ̀bí ni kó o kọ́kọ́ bá, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ rẹ lọ́wọ́. Bó bá ju agbára agbẹ̀bí lọ, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Jacquot wà ní Kútọnu.

Ohun kan kò gbọdọ̀ dúró de oṣù méjì. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022 láàárín obìnrin 599 tó ní PMDD káàkiri ayé, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gbìyànjú láti pa ara wọn rí. Bí ìyàwó rẹ, àbúrò rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ fún ọ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn pé ayé sú òun, má sọ pé yóò lọ tí nǹkan oṣù bá dé. Jókòó tì í, kó oògùn àti májèlé kúrò nítòsí rẹ̀, kó o sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.